Printf gba gbogbo àyè inú chip mi, kí ni kí n yọ nínú newlib, láíbírì C tí mò ń lò?

Ìbéèrè: Okun o ẹ̀gbọ́n. Kábà ni mo wà, mò ń ṣe incubator tí mo fẹ́ fi sàba ẹyin adìyẹ, chip STM32F030F4 ló ń fi sẹ́ńsọ̀ DS18B20 wo ooru inú ẹ̀. Kóòdù mi ò pọ̀ rárá, àmọ́ tí mo bá ti fi printf("%f") sí i, línkà á ní region FLASH overflowed, ìyẹn ni pé àyè flash ti kún kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló jẹ 16 KB tán?

Ìdáhùn: Okun o àbúrò. Kì í ṣe kóòdù tìẹ o, printf ni. Fi -Wl,-Map=eyin.map kún un kó o ṣí fáìlì yẹn, wàá rí _dtoa_r, _malloc_r àti àwọn __aeabi_dmul tí ìwọ ò pè rárá, torí Cortex-M0 tó wà nínú chip ẹ ò lè ṣírò float (nọ́ńbà tó ní pọ́íǹtì, bíi 37.5) fúnra ẹ̀, kóòdù ló ń bá a ṣe é, printf á sì kó gbogbo ẹrù yẹn wọlé. Lo --specs=nano.specs, tó ń mú ẹ̀dà newlib tó kéré, pẹ̀lú -Os, -ffunction-sections, -fdata-sections àti -Wl,--gc-sections.

Ìbéèrè: Ó ti gbà á wàyí, àmọ́ ibi tó yẹ kí 37.5 wà ṣófo. Ṣé kí n fi -u _printf_float sí i kí %f lè padà ṣiṣẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹrù tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lo tún fẹ́ gbé yẹn. DS18B20 gan-an ò fún ẹ ní float, odidi nọ́ńbà ló ń fún ẹ, ìdá mẹ́rìndínlógún digirí ni ẹyọ kan nínú ẹ̀. Tó bá mú 600 wá, 37.5 tí ẹyin ń fẹ́ nìyẹn:

int t = raw * 10 / 16;
printf("%d.%d\n", t / 10, t % 10);

Tó bá wọ ìsàlẹ̀ òdo ìṣirò yìí á dàrú, ṣùgbọ́n incubator ò lè tutù débẹ̀, kódà nígbà ọyẹ́.

Ìbéèrè: Mo tún kọ́ newlib fúnra mi pẹ̀lú --enable-newlib-nano-formatted-io àti --enable-newlib-nano-malloc, síbẹ̀ kò dín kù.

Ìdáhùn: Ṣé inú CFLAGS lo kọ -Os sí? CFLAGS_FOR_TARGET ló kan láíbírì, tó ò bá kọ nǹkan síbẹ̀, -g -O2 ló ma lò. Pa fódà build rẹ́ pátá kó o tó tún configure ṣe, odidi òru kan ni mo fi jìyà èyí rí. O lè fi --enable-newlib-reent-small àti --enable-lite-exit kún un, kó o sì mọ̀ pé nano-formatted-io tó o lò yẹn ò ní jẹ́ kí %lld ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n ṣì fi --specs=nano.specs sílẹ̀, libc_nano.a lòun ń wá, èyí tó o kọ́ sì ń jẹ́ libc.a, ti tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń lò. Yọ ọ́, kó o padà wo eyin.map, ọ̀nà fódà tó ti mú libc.a wà níbẹ̀.