Bí Wi-Fi ṣe padà dúró lórí fóònù mi nílé wa ní Bẹẹrẹ

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Wi-Fi fi ń já lórí fóònù mi. Ní pálọ̀, ó ń sáré geere. Bí mo bá ti wọ yàrá ẹ̀yìn báyìí, kò ní ṣí nǹkan kan mọ́. Ó dùn mí gan-an, torí inú yàrá yẹn ni mo ti ń bá ọmọ mi tó wà ní Kánádà sọ̀rọ̀ lálaalẹ́.

Mo pa fóònù, mo tún tàn án. Mo yọ Wi-Fi náà kúrò, mo tún páásíwọ́ọ̀dù tẹ̀. Pàbó ló já sí.

Àbúrò mi ló wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé 5GHz kọ́ ni fóònù yín ń lò?" Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà méjì ni Wi-Fi ilé wa ń gbà rìn lójú afẹ́fẹ́: 5GHz àti 2.4GHz. 5GHz yára lóòótọ́, àmọ́ kì í rìn jìnnà tó 2.4GHz, ògiri sì tètè máa ń dí i lọ́wọ́. Ilé bàbá wa yìí, ògiri amọ̀ ni, ó nípọn dáadáa (mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń tutù lọ́sàn-án). Orúkọ kan náà ni ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, ń lò fún méjèèjì, fóònù mi sì rọ̀ mọ́ 5GHz títí á fi já.

A wọ inú ètò ráútà, a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ tirẹ̀, mo sì so fóònù mọ́ 2.4GHz. Wi-Fi àwọn aládùúgbò pọ̀ yí wa ká, nítorí náà a gbé tiwa sí ṣánẹ́ẹ̀lì 11, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ojú ọ̀nà tó wà nínú 2.4GHz. Ṣánẹ́ẹ̀lì 1, 6 àti 11 kì í wọnú ara wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wákàtí kan gbáko lèmi àtọmọ mi fi sọ̀rọ̀. Kò já lẹ́ẹ̀kan.