Ẹ má tíì sanwó: àṣìṣe lórí irinṣẹ́ ìwé ìrànwọ́ sọ́fítíwíà

Láàárín oṣù kan, èèyàn mẹ́ta ló pè mí pé àwọn ti fi dọ́là ra irinṣẹ́ tí àwọn fẹ́ fi kọ ìwé ìrànwọ́ (ìwé tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń lo sọ́fítíwíà), ó wá ku kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kò sí ẹni tó tíì kọ ìlà kan nínú wọn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi.

1. Rírà ṣáájú kíkọ. Ẹ fi Markdown, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀wé tó ń fi àmì kéékèèké bíi # àti * to ìwé, kọ ojú ewé mẹ́wàá ná, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa mọ̀ bóyá ẹ nílò irinṣẹ́ olówó bíi Flare tàbí RoboHelp.

2. DITA fún ìwé olójú ewé ogún. DITA ni ìlànà kíkọ ìwé ní ègé kéékèèké tí wọ́n lè tún lò níbòmíràn. Ilé iṣẹ́ IBM ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwé tiwọn sì pọ̀ bí òkè. Tiyín ńkọ́?

3. Irinṣẹ́ tí kò gbọ́ èdè yín. Ibí ni inú ti ń bí mi jù, torí mo ti jìyà rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan gbéṣẹ́ ìwé ìrànwọ́ Yorùbá fún mi, mo bá kó o sínú CHM, irú fáìlì ìwé ìrànwọ́ Windows tí Microsoft gbé jáde lọ́dún 1997. Ara ìwé dára. Àmọ́ àtòjọ àkòrí tó wà lápá òsì kò mọ Unicode (ètò tó ń fún lẹ́tà èdè gbogbo ní kóòdù tí kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn mọ̀), gbogbo ẹ, ọ àti ṣ di àmì ìbéèrè. Akọ̀wé wọn pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń bi wá léèrè ni, àbí ẹ fẹ́ dá wa lóhùn?”

Mo tún gbé fáìlì náà sórí nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì wọn, ojú ewé funfun báláú ló ń yọ. Odindi òru méjì ni mo fi ń bú Windows. Mi ò mọ̀ pé láti ọdún 2005 ni Microsoft ti dènà CHM orí nẹ́tíwọ̀kì nítorí ààbò. Èmi gan-an ló yẹ kí n bú. Fóònù làwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì fi ń wo gbèsè wọn, CHM kì í kàn ṣí lórí fóònù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò tíì bọ́ o. Ẹ tẹ “eyawo” sínú àpótí ìwákiri irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Bí kò bá gbé “ẹ̀yáwó” wá, ẹ sá fún un. Ta ló ń ráyè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Lẹ́tà “ó” ní kóòdù tirẹ̀ nínú Unicode, “ọ” náà ní, ṣùgbọ́n “ọ̀” kò ní. Ṣe ni wọ́n ń so àmì mọ́ lẹ́tà. Kíbọọ̀dù kan á bẹ̀rẹ̀ látorí “ọ”, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ látorí “ò”. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Ẹ má ra irinṣẹ́ tí kò lè kó iṣẹ́ yín jáde ní HTML (èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì) tàbí Markdown. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú: tí mi ò bá san owó ọdún tó ń bọ̀, ṣé fáìlì mi á ṣì máa ṣí?

Ìwé alájẹṣẹ́kù yẹn, MkDocs, irinṣẹ́ tó ń sọ Markdown di ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo padà fi ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Fúnra mi ni mo kọ kóòdù tó ń yọ àmì kúrò kó tó wá ọ̀rọ̀. Akọ̀wé wọn ṣì ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n Àmì Ìbéèrè.