Yàrá òtẹ́ẹ̀lì kọ́ ló gbówó lọ, ìdáná ni

Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ká páànù ilé ládùúgbò wa ní Adó-Èkìtì. Ìdílé mẹ́ta, èèyàn mọ́kànlá, ò ríbi sùn. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ní kí n wá òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa wọ̀ sí fún ọ̀sẹ̀ méjì tí káfíńtà fi máa parí iṣẹ́. Owó yàrá ni mo ń bẹ̀rù. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Mo jà á wálẹ̀ sí 10,000 náírà lálẹ́ ọjọ́ kan. Yàrá mẹ́ta fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, 420,000. Ìgbà tá a sanwó tán ni wọ́n rántí VAT, owó orí ọjà tíjọba ń gbà, 31,500 tún gun orí ẹ̀. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan àpò. Kí rìsíìtì yín sì kárí ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé, torí ìnáwó òkú ló ń kún òtẹ́ẹ̀lì ní Èkìtì lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ kẹ́rù yín jáde.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Wọn ò gba gáàsì nínú yàrá, wọn ò sì jẹ̀bi: kọ́tìnì àti fóòmù ò mọ iná yàtọ̀. Là bá ń ra oúnjẹ. Abọ́ kan 1,500, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún èèyàn mọ́kànlá, 33,000. Yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì ju 30,000 lọ! Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi ná an bẹ́ẹ̀.

Mánẹ́jà ti gbà ká dá iná èédú lẹ́yìnkùlé láti ọjọ́ kejì. Odó ló kọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ." A gún un lórí kọ́ńkéré ẹ̀yìn yàrá, gíláàsì fèrèsé òkè ń mì jìgìjìgì. Mo bínú, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ta ló máa wá sọ fún ọmọ Èkìtì pé kó má jẹyán fọ́sẹ̀ méjì? A rọ yanrìn sínú táyà àlòkù, a gbé e sórí ilẹ̀ lásán níbi tó jìnnà sí ògiri, a gbé odó lé e. Mímì yẹn lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Aago méjìlá sí méjì ọ̀sán la fi ń gúnyán, nígbà táwọn àlejò ti jáde. Àbá táyà yẹn, èmi ni mo mú un wá o.

Bí mo bá tún máa gba òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa kọ́kọ́ lọ wò, bóyá ilẹ̀ tí wọn ò da kọ́ńkéré sí ṣì wà níbẹ̀.