Bí a ṣe ń lo “get” láì fi pe níní ní gbígbà

Ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì yìí kéré lójú, àmọ́ òun ló máa ń tètè tú àṣírí ẹni tí èdè náà kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìrísí rẹ̀: get, gets, getting, got. “Getting” gba t méjì. Ìyẹn tán, àfi “gotten” ti Amẹ́ríkà tí a máa kàn níwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé ẹni náà ló wá nǹkan lọ, àbí nǹkan ló wá bá a? “She got a letter”: lẹ́tà dé ọwọ́ rẹ̀, kò ṣe wàhálà kankan. “She got the ladder”: ó dìde, ó lọ gbé àkàbà wá. “Get” gba méjèèjì, ohun tí ẹ bá sọ ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bó bá lè rú ẹni tó ń kà á lójú, ẹ fi “receive” rọ́pò ti àkọ́kọ́, kí ẹ fi “fetch” rọ́pò ti èkejì. Bó bá jẹ́ pé owó ni ẹ san, ẹ sọ “buy”, kí ẹ má dá ara yín láàmú.

Níní gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Gbígbà ni “get” ń sọ, kì í sọ níní. Ẹni tó fẹ́ sọ pé òun ní mọ́tò, tó wá sọ pé “I get a car”, ohun tí àwọn tó ni èdè máa gbọ́ ni pé wọ́n máa ń fún un ní mọ́tò lóòrèkóòrè. Níní ni “I have a car” tàbí “I have got a car”, tí wọ́n ń ké kúrú sí “I’ve got”. “Have” yẹn ló ru níní. Tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, tó wá ku “I got a car”, ó ti di ohun tó ṣẹlẹ̀ kọjá: mo rí mọ́tò kan gbà, tàbí mo rà á. Lóòótọ́, àwọn tó ni èdè náà máa ń gbé “have” mì nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé.

Ìbéèrè ni wọ́n tún máa ń bàjẹ́. “Have you got a pen?” dáa, “Do you have a pen?” náà dáa. “Do you have got a pen?” kò sí níbì kankan, ẹni tó sọ ọ́ ti lẹ gbólóhùn méjì pọ̀. Tó bá sì jẹ́ níní àtijọ́, “I had a car” ló tọ́, ẹ má fi “got” sí i rárá. Ọ̀nà àbùjá wà: ẹ lo “have” nìkan fún gbogbo níní, kí ẹ fi “get” sílẹ̀ fún gbígbà. Kò sí ibi tí ìyẹn ti máa kùnà.

Ní Amẹ́ríkà, “I’ve gotten a car” ni pé mo ti rí mọ́tò gbà, “I’ve got a car” sì ni pé mo ní in. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, “got” ni wọ́n sábà ń lò fún méjèèjì. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má pa wọ́n pọ̀ nínú ìwé kan náà. “Forgotten” kò sí nínú ìjà yìí o. Bákan náà ni wọ́n ń kọ ọ́ lápá méjèèjì.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín ṣe nǹkan, ẹ má gbàgbé “to”: “I got him to sign.” “Make” kì í gba “to” níbẹ̀, “I made him sign” ni, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá. Tó bá jẹ́ ohun tí wọ́n tún ṣe ni ẹ fẹ́ dárúkọ, “I got the roof repaired” ni.

Nínú lẹ́tà iṣẹ́, “get” máa ń fúyẹ́ jù. “Obtain” ló yẹ ìwé àṣẹ àti ìsọfúnni, ohun tí èèyàn ní láti béèrè kó tó rí i. Ṣùgbọ́n “get me a form” tọ́, “obtain me a form” kò tọ́. “Obtain a form for me” ni kí ẹ kọ. “Acquire” wà fún ilẹ̀, ilé iṣẹ́, tàbí ìmọ̀ tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó “acquire” bíírò ìkọ̀wé kan ń ṣe fọ́rífọ́rí ni. “Procure” wà fún ẹrù tí iléeṣẹ́ ń rà tàbí ohun tó ṣòro rí. Ẹ má ṣe fi orúkọ èèyàn tẹ̀ lé e, torí òun náà ni wọ́n ń lò fún ẹni tó ń wá aṣẹ́wó fún àwọn oníbàárà.