Bí A Ṣe Ń Ṣe Àdìrẹ Oníko Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ JSS 2

Nínú gbogbo iṣẹ́ ọnà tí a lè ṣe ní kíláàsì JSS 2, àdìrẹ oníko, ìyẹn aṣọ tí a fi ìko (okùn tí a ń rí lára ewé ọ̀gọ̀rọ̀) dì kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró, ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kò gba owó púpọ̀, ọmọ tí kò mọ àwòrán yà náà sì lè ṣe é kí ó dára. Ẹ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ fún un, ọ̀kan fún dídì, èkejì fún rírẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe méjèèjì pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 40, ìkánjú ni yóò fi ba aṣọ jẹ́.

Aṣọ funfun olówùú ni kí ẹ rà. Yáàdì kan tó ọmọ mẹ́rin. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí rẹ̀, kí ẹ sì ṣáná sí i. Bí ó bá jó di eérú, òwú ni. Bí ó bá yọ́ tí ó sì ṣù, ọ̀rá wà nínú rẹ̀, kò ní gba aró dáadáa. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì ara rẹ̀ lè kúrò, kí ẹ sá a, kí ẹ gé e.

Dídì ni iṣẹ́ náà gan-an, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á pín aṣọ àti ìko, wọ́n á lọ jókòó, àwọn ọmọ á sì kàn wé ìko mọ́ aṣọ láì fà á le. Nígbà tí a bá tú u, aró ti wọ ibi gbogbo, kò ní sí àmì kan tí ojú lè dá mọ̀. Ibi tí aró kò bá ráyè wọ̀ lábẹ́ ìko nìkan ni funfun ti ń hàn. Bí ìko bá ti dẹ̀, kò sí bí a ṣe lè po aró dáadáa tó tí yóò tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹ rẹ ìko sínú omi kí ó rọ̀, torí pé èyí tí ó gbẹ máa ń já. Kí ọmọ méjì-méjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀: ọ̀kan á ki òkúta wẹẹrẹ sábẹ́ aṣọ, á di ọrùn rẹ̀ mú ṣinṣin, èkejì á fa ìko le, á wé e ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, á sì ta á ní kókó méjì. Àwọn kan ń lo ẹ̀wà tàbí àgbàdo, ṣùgbọ́n òkúta ni èmi ń lò, torí a tún lè ṣà á lò lọ́dún tí ń bọ̀. Bí ìko bá wọ́n, okùn tí a tú lára àpò ìrẹsì dára púpọ̀. Òkúta ńlá kan láàárín, tí àwọn kéékèèké yí ká, yóò mú òṣùpá àti ìràwọ̀ jáde. Kí ẹ tó gba aṣọ lọ́wọ́ ọmọ kankan, ẹ fi èékánná ti ìdì kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tí ó bá yẹ̀, kí ó lọ tún un dì, bí ó tilẹ̀ ń ráhùn.

Àgbàlagbà nìkan ni kí ó po aró, níta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti gíláàsì ojú, nítorí pé kọ́sítíìkì sódà tí a ń pò mọ́ aró máa ń bó ara. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, kí ẹ wá máa da sódà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe da omi lé sódà lórí láé. Ó lè hó, kí ó sì ta síni lójú. Ike ni kí ẹ lò, torí pé sódà ń jẹ alumíníọ̀mù. Ẹ sọ iye yáàdì aṣọ yín fún ẹni tí ń ta aró, kí ó bá yín wọn aró, sódà àti haidirosọ́fáìtì, èròjà tí ń jẹ́ kí aró wọ aṣọ. Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, ẹ̀yìn ìlà náà ni gbogbo ọmọ ń dúró sí.

Ẹ ki aṣọ bọ omi lásán kí ẹ tó rì í sínú aró, kí ẹ máa fi igi yí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Aṣọ tí a rẹ ní aró búlúù lè kọ́kọ́ jáde ní àwọ̀ ewé. Ẹ sá a síbi tí àwọn ọmọ yóò ti máa wò ó, afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di búlúù. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣàn án, kí ẹ sì tú ìko. Ẹ má ṣe fún wọn ní abẹ, aṣọ ni wọn yóò gé. Kí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé kókó nìkan. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ sì sá a sí ibòòji.