Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà làágùn: bí a ṣe ń fi eré mú ara ọmọ kékeré le

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ìyìn ńlá ni bí àlejò bá wọlé tó ní, "Ọmọ yìí mà jẹ́jẹ́ o!" Inú ìyá ọmọ á dùn. Èmi tí mo ti ń tọ́jú ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi láti ọjọ́ pípẹ́, bí mo bá ti gbọ́ ọ, ọwọ́ ọmọ náà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, fóònù ló wà níbẹ̀.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Wọ́n ní kí ọmọ ọdún 3 sí 4 máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú tí kò dín ní 180 lójúmọ́, kí ìṣẹ́jú 60, ó kéré tán, nínú rẹ̀ sì jẹ́ eré tó le, irú èyí tí ọmọ á fi máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ má jẹ́ kí wákàtí 3 bà yín lẹ́rù. Ẹ dá a bí ẹni ń dá àjọ: ìṣẹ́jú 10 níbí, 20 lọ́hùn-ún, díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti pé.

Eré ń mú egungun àti iṣan le, ó ń jẹ́ kí ọkàn ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì ń mú oorun wá. Èyí gbogbo òbí ló gbà. Ohun tí wọn kì í fẹ́ gbà ni pé ó kan ẹ̀kọ́ ìwé pẹ̀lú. Ọwọ́ tó ti gun nǹkan, tó ti ju bọ́ọ̀lù, tó ti fa okùn, òun ni kì í tètè rẹ̀ nídìí pẹ́ńsù.

Ní sáà kan, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 4 kan wà lọ́dọ̀ mi tó ti mọ A dé Z lórí. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya róbótó mẹ́ta sórí sìmẹ́ǹtì, mo ní kí wọ́n máa fò láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ó dúró sínú ti àkọ́kọ́, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni ń tọ́ odò wò, ó fà á padà. Ó wojú mi. "Àǹtí, ẹ dì mí mú." Mo dì í mú. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó dá a fò fúnra rẹ̀, ariwo tó sì pa lọ́jọ́ náà mú kí ìyá ẹlẹ́wà tó wà lẹ́nu géètì yọjú wò wá.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò

Ẹ lóṣòó kí ojú yín wà níbi tí ojú ọmọ wà, kí ẹ tó wo àgbàlá yín. Ẹ ó rí àfọ́kù ìgò tí ẹ kò rí rí, àti ìṣó tó yọrí lára pákó. Sàlẹ́ńsà ọ̀kadà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé máa ń jó ọmọ lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀. Ti kànga ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù: bí ìdérí rẹ̀ kò bá ní àgádágodo, ẹ lọ ra ọ̀kan ní Sábó lónìí, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ eré rárá.

Ẹ mọ ìgbà

Oòrùn wa ní oṣù 2 àti oṣù 3 kò mọ ọmọdé. Kí aago 10 òwúrọ̀ tó lù dára, lẹ́yìn aago 4 ìrọ̀lẹ́ náà dára. Ẹ gbé omi mímu sí ìtòsí, kí ẹ máa fún un láìjẹ́ pé ó béèrè, torí ọmọ tó ń ṣeré kì í rántí òùngbẹ. Bí jẹ́lé-ó-sinmi kò bá jìnnà, ẹ fi ọ̀kadà sílẹ̀, kí ẹ dì í lọ́wọ́ mú, kí ẹ jọ fẹsẹ̀ rìn lọ.

Ẹ yan eré

Ẹ kò nílò láti ra ohunkóhun. Ẹkùn mẹ́ran ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á ṣe agbo. Ewúrẹ́ á wà láàárín, ẹkùn á wà níta. Ẹkùn á máa wá ibi tí yóò gbà wọlé, agbo á máa dí i. Nínú eré kan yìí, ọmọ á sáré, á bẹ̀rẹ̀, á fa ọwọ́ ẹnìkejì, á sì kígbe "mẹ̀ẹ́" títí ohùn rẹ̀ á fi há. Bí ọmọ kò bá pọ̀, ẹ ṣe bojúbojú.

Ní ìgbà máńgòrò, tí ìlú wa mọ̀ ju ìlú mìíràn lọ (ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀), ẹ gbé bàsíà sí òpin àgbàlá, kí ọmọ máa ṣa èyí tó já bọ́ lábẹ́ igi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa fi sáré lọ sínú bàsíà. Ẹ má jẹ́ kó kó méjì lẹ́ẹ̀kan, eré yóò tètè parí.

Iṣẹ́ ilé náà wà níbẹ̀: ìgbálẹ̀ kékeré, omi inú ike kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọmọbìnrin pé "obìnrin ni ẹ́, jókòó dáadáa." Egungun tirẹ̀ náà fẹ́ eré.

Bí òjò bá ń rọ̀

Èmi náà jẹ̀bi níbí. Tí mo bá fẹ́ ro àmàlà, fóònù ni mo máa ń kì bọ ọmọ mi lọ́wọ́. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹn sọ pé kí ìjókòó wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n má ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́ fún ọmọ ọdún 2 sí 4, bó bá sì kéré ju bẹ́ẹ̀, ó sàn. Báyìí, rédíò ni mo máa ń tàn. Ọmọ mi ń jó bàtá nínú pálọ̀, mo ń ro àmàlà, tí mo bá ní "dúró!" á dúró gbagidi bí ère.

Ẹ máa wò ó

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS tàbí tó ní ásímà lè ṣeré, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó jẹ́ SS nílò omi gan-an, kó sì sinmi nígbà tó bá ní ó rẹ òun. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 4, ọmọ púpọ̀ lè gbá bọ́ọ̀lù ńlá mú lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọdún 5, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ kan fò. Bí ti yín kò bá tíì lè ṣe é, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, láìbẹ̀rù.

Bó bá wọlé, ẹ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ẹ̀gún wà níbẹ̀. Kí ẹ sì tètè bu oúnjẹ, torí ọmọ tó bá ṣeré dáadáa lè sùn lọ tòun ti òkèlè lọ́wọ́.