Bí A Ṣe Lè Fi Ẹ̀bùn Kékeré Tí A Fọwọ́ Ṣe Tan Inú Rere Kálẹ̀ Ládùúgbò

Ẹ̀bùn tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kì í náni lówó púpọ̀, síbẹ̀ ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó gbà á mọ̀ pé ẹnì kan ya àkókò sọ́tọ̀ nítorí òun. Èyí tó rọrùn jù lójú mi ni okùn aṣọ tí a fi ń sàmì sí ibi tí a kàwé dé.

Ẹ gé aṣọ tó mọ́ sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, kí ó sì gùn tó 30, nítorí pé aṣọ máa ń kúrú sí i bí a bá ṣe ń dì í. Ẹ so orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ dì wọ́n bí ẹni ń di irun láìfà wọ́n le jù, kí ẹ sì ta ìdí wọn ní kókó.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sórí páálí pélébé, kí ẹ so ó mọ́ ọn. “Mo ń rí iṣẹ́ yín, ẹ ṣeun” máa ń wọni lọ́kàn ju ewì gígùn lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí a kì í sábà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹni tó ń gbálẹ̀ òpópónà, arúgbó tó ń dá gbé. Bí ẹ bá fẹ́ fi sílẹ̀ ní ilé ìkàwé, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ẹ má ṣe fi ìlẹ̀kẹ̀ tàbí bọ́tìnnì sí èyí tí ọwọ́ ọmọ kékeré lè tó, torí ó lè há a lọ́fun. Ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ lè bá yín dì í, kí òun fúnra rẹ̀ sì mú un lọ fún ẹni tó bá yàn.